Àdúrà Tí Mo Sọ Di Ìròyìn

Òórùn méjì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa nígbà náà: òórùn tùràrí àti òórùn táyà tuntun. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni a ń lò ní Dagenham, lápá ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé ìjọ́hun, ọkùnrin kan tó ń ta táyà ló sì bá wa pín ògiri. Bí a bá ń kọrin lọ́wọ́, ẹ̀rọ tó fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mọ́tò á máa han lọ́hùn-ún, àwa náà á sì gbé ohùn sókè sí i. Bàtà wa á tò lọ síta lọ́wọ̀ọ̀wọ́, nítorí a kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà funfun. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀ tutù débi pé nínú oṣù kẹta, ẹni tó bá dúró pẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà lábẹ́ òun. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onítáyà, ojú á ti tì mí kí n tó rántí ìdí tó fi ń tì mí.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ náà tó ń wa bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì tó ń ti Barking lọ sí Chadwell Heath. Mo fi ọdún bíi mẹ́jọ jù ú lọ. Bọ̀dá ló ń pè mí, Sìsítà ni èmi náà ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni lẹ́nu iṣẹ́. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀mùtí kan bú u láti Becontree títí dé Heathway, kò sì dá a lóhùn ju pé kó rọra di irin mú nítorí kọ́nà tó ń bọ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, ó di ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ á nípọn, á máa ti inú ikùn wá, á sì máa to ọ̀rọ̀ lé ara wọn bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù. Kì í fi ọ̀rọ̀ kékeré bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, á ní orí òun ti là sí méjì. Nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó ní wọ́n ti kó ẹrù òun síta, wọ́n sì ti tìlẹ̀kùn. Àwa á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àmín, nítorí bí gbogbo wa ṣe ń gbàdúrà nìyẹn. Ta ni yóò rin ìrìn jíjìn dé iwájú Ọba, tí yóò wá sọ pé ohun tó ń ṣe òun kò tó nǹkan?

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Becontree ni ọmọ náà dàgbà sí, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alásopọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láyé àtijọ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, òun ló ń tan àbẹ́là òkè pẹpẹ, nítorí pé òun nìkan ni kò nílò àga kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n lókè, ló kó sí i lórí. Àwọn àgbà ìjọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rín: “Wọ́n ní ọmọ tó ga báyìí, kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní ṣé gíga ni wọ́n fi ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni? Mo ní ẹ jẹ́ kó máa jù ú.” Ó sì ń jù ú títí yunifásítì kékeré kan ní Amẹ́ríkà fi gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí a ti ń wọ bàtà. “Bọ̀dá, ilé ìwé ńlá kan ń bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní tí ìdíje àwọn yunifásítì tó ń bọ̀ yìí bá ti parí, kó wá parí ọdún méjì tó kù lọ́dọ̀ àwọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó máa fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹ má tíì gbé e jáde o.” Ojú rẹ̀ ń dán. Ó tún ṣọ́ ẹ̀yìn wò, bí ẹni pé onítáyà gbọ́ Yorùbá. Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo fẹ́ kí o rántí pé mo pa á mọ́, nítorí ìyẹn gan-an ni mo fi tan ara mi jẹ lẹ́yìn náà.

Oníròyìn ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ olóòtú kan tó máa ń fi báírò pupa pa gbogbo ohun tí mo bá rò rẹ́, tí á sì fi ohun tí ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára. Títí di òní, mo fẹ́ràn kí n gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kalẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, n kò ní yọ nǹkan kan, n kò ní fi kún un. Nígbà tí mo dé Dagenham, mo ṣí ojú ewé ìròyìn kan sórí ẹ̀rọ ayélujára fún àwa Yorùbá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Orí tábìlì ìdáná wa ni ọ́fíìsì mi. Abala tí wọ́n ń kà jù ni èyí tí mo pè ní Ohun Tó Gbòde: òṣèré tó kọ ọkọ, olórin tó bú olórin, aṣọ tí ẹnìkan wọ tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí. Kò sí ìròyìn tó ti inú ilé tiwa jáde kan ilé ayé rí.

Ó wá jáde. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta, nínú ìdíje ńlá tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń bára wọn ṣe, ilé ìwé kékeré tí ọmọ náà wà na ilé ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò rò pé wọ́n lè nà. Òun ló ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn. Ó fò, ó jù ú, ó fi orúnkún òsì balẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé, eré sì parí. Nígbà tó dìde, ó tiro díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ké Halelúyà lẹ́ẹ̀méje bí a ti ń ké e nínú ìjọ wa, ó ń fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń ròyìn eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní bóyá ó ń ka àwọn tó fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, fídíò yẹn ti gba ayélujára kan. Àwọn tí kò mọ ibi tí Dagenham wà ń fi ìka ka méje. Olórin kan kà á lórí ìtàgé. Àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Heathway ń kà á síra wọn lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n títiro yẹn ni gbogbo ayé wá ń bèèrè. Ṣé yóò lè gbá bọ́ọ̀lù nínú eré tó kàn lọ́jọ́ Ẹtì? Kóòṣì rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ilé ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n dúró. Gbogbo oníròyìn eré ìdárayá ló ń wá ẹnu kan tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹnu náà wà lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ìsìn àárọ̀ ni, a kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ibi iṣẹ́ ló ti wá. Ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù tó fi ń wakọ̀ yọ lábẹ́ sùtánà rẹ̀. Nígbà tí Wòlíì ìjọ wa ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ wá síwájú, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀. “Bàbá, wọ́n ti gba ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ọmọ mi ò lè dìde mọ́. Ẹsẹ̀ tí mo fi mọ́tò wíwà bọ́, ẹsẹ̀ náà ti rọ. Wọ́n ti pa àtùpà mi. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, mo gbé.” Gbogbo wa ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ onítáyà ń dún. Mo ti yí ìwé ìkéde ìjọ dà sí ẹ̀yìn, mo ti yọ báírò, mo sì ń kọ ọ́. Kí n má purọ́, n kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá a níbi tó ti ń wọ bàtà. Mo ní, “Sìsítà, ọmọ wa ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa, Bọ̀dá. A dúpẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ kí àsìkò ìsinmi rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ má baà tán.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ fún mi níbi bàtà. Èmi rò pé ìdáhùn ọmọlúàbí lásán ni, èyí tí gbogbo wa máa ń sọ bí ilé bá tilẹ̀ ń jó. Ohun tó sọ níwájú pẹpẹ, tó jẹ́ pé èdè ẹ̀bẹ̀ ni, ni mo gbà bí òótọ́. A bí mi sínú àdúrà báyìí. Ìyá mi gbà á lé mi lórí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, mo fi etí àlejò gbọ́ ọ, nítorí pé etí àlejò ló ní ìròyìn nínú.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà létí tábìlì nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó ka àkọlé rẹ̀ láti ẹ̀yìn mi: “Ọmọ mi ò lè dìde mọ́”: Ìyá agbábọ́ọ̀lù tó gbòde figbe ta.

“Ṣé o bi í léèrè?”

“Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi.”

“Àdúrà lo gbọ́.”

“Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ.” Mo tún fi kún un pé èyí tó ní kí n má sọ, ṣé mo sọ ọ́? Ìyàwó mi padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń ṣà jáde ṣe ń bọ́ sínú ọpọ́n, tó, tó.

Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò purọ́ kan nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé, àti ẹsẹ̀ tó rọ, àti àtùpà tí wọ́n pa. Ohun kan ṣoṣo ni n kò kọ: pé Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ ni pé ìyá náà sọ ọ́ ní Dagenham láàárọ̀ òní. Bí mo bá ń ka ẹ̀dà ìròyìn yẹn tó kù lọ́wọ́ mi lónìí, gbólóhùn yẹn ni ojú mi máa ń dúró sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Chadwell Heath pẹ̀lú ife tíì, mo sì ń wo bí ìròyìn mi ṣe ń sọdá òkun. Àwọn ojú ewé ńlá lọ́hùn-ún gbé e, wọ́n kọ orúkọ ojú ewé mi sí ìdí rẹ̀. Tíì náà tutù, n kò mu ún. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù bí ẹni tó rí lẹ́tà ìfẹ́ gbà.

Gáréèjì bọ́ọ̀sì ni ìyá náà wà nígbà tí ó rí i. Ọmọ rẹ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá nígbà tó ń wakọ̀. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti ń dúró dè mí lórí fóònù, ohùn tó gbà sílẹ̀ ni, ohùn ọmọ Becontree gan-an: “Uncle, ẹ kú ọ̀sán. Orúnkún mi kàn wú ni. Wọ́n fi ice sí i. I'm literally fine. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?” Kò bú mi. Ó tilẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀.

Nítorí pé kóòṣì rẹ̀ ti sọ fún un pé ilé ìwé ńlá náà ń bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ṣe fídíò tirẹ̀. Ó dúró sínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó fi ẹsẹ̀ òsì nìkan fò lẹ́ẹ̀méje, ó ń ka iye rẹ̀, kí ayé lè rí i pé orúnkún náà pé. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ayé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi orin sí i, wọ́n fi ìyẹ́ sí i lápá, wọ́n ń pè é ní ẹyẹ ògòǹgò. Méje tí wọ́n ń bá a kà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbá bọ́ọ̀lù títí eré fi parí. Wọ́n na ilé ìwé rẹ̀, àmọ́ òun gbá a dáadáa.

Ilé ìwé ńlá náà ní kí dókítà àwọn kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ọmọ mìíràn. Ohun tí kóòṣì rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn ni ọmọ náà tún sọ fún ìyá rẹ̀: “Wọ́n ní àwọn ò lè fi àyè kan ṣoṣo dúró de ẹni tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kò lè dìde.” Oníròyìn inú mi máa ń fẹ́ jiyàn. Á ní ilé ìwé lè ní ìdí mìíràn, pé ẹlẹ́rìí kan kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí nìyẹn bó ṣe jáde gẹ́lẹ́, mo sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Wòlíì pe èmi àti ìyá náà jókòó lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Àga mẹ́ta ni, nínú òórùn tùràrí tó ti ń kú lọ. Mo ti pa ìròyìn náà rẹ́ nígbà yẹn, mo ti kọ àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò kà. Mo sọ fún wọn pé n kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, pé gbangba ni Sìsítà ti sọ ọ́, pé èyí tó ní kí n pa mọ́ mo pa á mọ́. Ìyá náà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò gbé ohùn sókè rárá.

“Bọ̀dá, nígbà tí ìyàwó yín fẹ́ bí àbíkẹ́yìn yín, kí lẹ sọ níbi tí mo jókòó sí yìí?”

Mo rántí dáadáa.

“Ẹ ní ìyàwó yín ti kú. Ẹ ní kí Ọlọ́run dá òkú ìyàwó yín padà fún yín. Ẹ yí gbirigbiri nílẹ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá ìjọ sáré dé ọsibítù, ìyàwó yín ń jẹ búrẹ́dì.” Ẹnu Wòlíì fẹ́ já sí ẹ̀rín, ó fi ọwọ́ bò ó. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. “Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ta nínú wa ló gbé e sínú ìwé ìròyìn?”

Mo dìde lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù náà fún obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ. Wòlíì ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí n dìde, kí aṣọ funfun mi má baà dọ̀tí. Bí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ síwèé ló sọ ọ́. Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ, ó sì ti ń lọ síbi bàtà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo dá bọ́ọ̀sì dúró ní Becontree láìmọ̀ pé òun ló ń wà á. Gíláàsì tó yà wá sọ́tọ̀ mọ́ kedere. Tẹ́lẹ̀, bó bá rí mi, á fi ìka kan gíláàsì náà, á ní, “Bọ̀dá, ẹ ò kọ́ mọ́tò wíwà ni?” Lọ́jọ́ yẹn, ó wo ojú mi, ó tẹ orí ba. “Ẹ káàárọ̀, sà,” ó ní. Mo jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó wa bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ibi tí mo ti bọ́ọ́lẹ̀.

Ọmọ náà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ìwé kékeré náà. Ó ti padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn kan ní Barking, ó sì máa ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà bí a bá pàdé. N kò tíì rí agbára láti bi í bóyá ó ń dùn ún. Èmi tí mo ti bi àwọn olè àti àwọn gómìnà léèrè ọ̀rọ̀.

Mo ṣì ń kọ ìròyìn, mo ṣì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ohunkóhun tí ẹnìkan sọ, mo máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà kan, mo rò pé àyè ilé ìwé yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, pé ohun tí mo bà jẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá náà ṣì ń wá sí ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó ṣì ń wọ sùtánà lé ṣòkòtò iṣẹ́. Bí Wòlíì bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ wá síwájú, á dìde, á kúnlẹ̀, á fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì. Ètè rẹ̀ á máa mì. Ohùn kankan kì í jáde. Àwa tó kù á dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, a ó máa gbọ́ ẹ̀rọ onítáyà lẹ́yìn ògiri, a ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí a ṣe àmín.